Ẹ Yé Fi Iná Ọkọ̀ Bọ́ Oríta

Ẹ jẹ́ ká má fepo bọyọ̀. Iná tó ń mú ọkọ̀ ojú irin ìṣeré àtijọ́ sáré kò yẹ kó jẹ́ iná kan náà tó ń yí oríta rẹ̀. Ẹni tó bá so méjèèjì mọ́ ojú kan, wàhálà ló fi owó ara rẹ̀ rà. Ọkọ̀ rẹ̀ á máa ṣubú, kọ́ìlì rẹ̀ á máa gbóná, nígbà tó bá sì sú u, á ní ẹrù náà ti gbó. Irọ́ ni o. Kò gbó. Ebi ló ń pa á.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà nídìí ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé, "Gbé e lé ojú irin, á ṣiṣẹ́." Àwọn tó ń tà á náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwa ò gbà. Ìdí tí a ò fi gbà la fẹ́ sọ, a ó sì sọ ohun tó yẹ ká ṣe dípò rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì fojú kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: ní ìlú New York, lọ́dún 1900, ni Joshua Lionel Cowen dá ilé iṣẹ́ Lionel sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1945 sí 1969, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá kiri títí dòní. Irin ló pọ̀ lára wọn. Wọ́n wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà máa ń bá wọn pàdé níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń pàtẹ ẹrù ilé wọn fún títà lọ́jọ́ Sátidé: páálí tó ti ya létí, ọkọ̀ tí eruku ti bò, tiransífọ́mà dúdú kan tí wáyà rẹ̀ ti ń bó. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ti bàbá mi ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń pa á ni ọ̀nà tí a gbà ń fún un níná.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa dúró lé. Ojú irin Lionel ní irin mẹ́ta. Irin àárín ló ń gbé iná wá. Irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni iná ń gbà padà sí tiransífọ́mà. Rólà kékeré kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń fara kan irin àárín, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mu iná. Bí ẹ bá ti ọwọ́ tiransífọ́mà sókè, volt á pọ̀, ọkọ̀ á sáré. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á rọra máa lọ. Kò le rárá.

Oríta ni ibi tí ojú irin ti ya sí méjì. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan wà níbẹ̀ tó ń yí sọ́tùn-ún tàbí sósì láti fi ọ̀nà han ọkọ̀. Ahọ́n là ń pè é. Nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kọ́ìlì méjì wà. Bí iná bá wọ ọ̀kan, kọ́ìlì yẹn á di òòfà, á fa ahọ́n sí apá kan. Bí iná bá wọ èkejì, ahọ́n á padà.

Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 022 ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ ká kan sáárá sí. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀ka, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yí oríta kó tó débẹ̀. Irin kékeré kan wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi píìnì tí kì í gbé iná yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gun irin yẹn, ẹsẹ̀ náà á so ó pọ̀ mọ́ irin tó ń dá iná padà. Iná á ráyè kọjá nínú kọ́ìlì, ahọ́n á sì yí síbi tó yẹ. Ọkọ̀ kò ní ṣubú. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń ṣe suwíìṣì.

Ibo wá ni wàhálà ti wọlé? Bí ẹ bá kàn gbé 022 sáàárín ojú irin tí ẹ ò ṣe nǹkan mìíràn, inú irin àárín náà ni kọ́ìlì rẹ̀ á ti máa mu iná. Ìyẹn ni pé volt tí ẹ bá fún ọkọ̀ ni volt tí oríta rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré ní volt 15 tàbí 16, ahọ́n á yí, paa! Ẹ ò ní rí àléébù kankan. Ẹ̀yin náà á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó dáa báyìí."

Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ìgbà wo ni awakọ̀ tó lóye máa ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀? Ìgbà tó bá fẹ́ wọ oríta ni. Ìgbà tí oríta nílò agbára jù lọ, ìgbà yẹn gan-an lẹ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní volt 8 tàbí 9, kọ́ìlì á gbìyànjú, á kùn, ahọ́n á sì dúró sáàárín méjì. Ẹsẹ̀ iwájú á gba ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gba òsì, ẹ̀ńjìnnì tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bó bá jẹ́ orí tábìlì ló wà, ó lè débi ilẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ládùúgbò tí iná ti máa ń rẹlẹ̀ lálẹ́ kò nílò olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ti rí fáànù tó ń yí bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ẹ ti gbọ́ fíríìjì tó ń kùn tí kò lè gbéra, tí ìyá yín á pariwo pé kí ẹ tètè yọ ọ́ kó má baà jó. Iná wà o, ṣùgbọ́n kò tó. Iná tí kò tó sì máa ń ba nǹkan jẹ́ ju àìsí iná lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí kọ́ìlì oríta tí kò parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò ṣe é pé kí iná dúró pẹ́ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló yẹ kó fi fa ahọ́n, kó sì sinmi.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkọ̀ Lionel kì í padà sẹ́yìn àfi tí ẹ bá gé iná rẹ̀ tí ẹ sì tún fún un padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Gé e lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Gé e lẹ́ẹ̀kejì, á máa lọ sẹ́yìn. Bí oríta àti àwọn nǹkan tó yí ojú irin ká bá wá ń mu nínú iná kan náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn ni gbogbo ìlú á ṣókùnkùn. Gílóòbù oríta á kú, iná ojú pópó á kú, iná ibùdókọ̀ á kú. NEPA inú yàrá! Ìlú tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, ẹ̀yin náà lẹ tún ń mú iná rẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ti gílóòbù. Oríta 022 kọ̀ọ̀kan ní gílóòbù kan nínú fìtílà orí rẹ̀, àpótí tí a fi ń darí rẹ̀ sì ní méjì, pupa àti àwọ̀ ewé, tí ọ̀kan máa ń tàn nígbà kan. Bí ẹ bá ní oríta mẹ́fà, gílóòbù méjìlá ló ń jẹ nínú iná tó yẹ kó jẹ́ ti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní ẹ̀ńjìnnì ti rẹ̀, kò lágbára mọ́. Ta ló jẹ oúnjẹ rẹ̀?

Ohun tó ń bí wa nínú jù nìyí: àwọn tó ṣe é mọ̀. Ẹ gbé 022 kan, ẹ yí i wò. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. Pulọ́ọ̀gì kékeré kan ló ń wọ inú ihò yẹn, wáyà kan ló sì ń ti ìdí pulọ́ọ̀gì náà lọ sí tiransífọ́mà. Bí ẹ bá ti ki pulọ́ọ̀gì bọ inú ihò, á já kọ́ìlì àti gílóòbù kúrò lára irin àárín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu iná tiwọn tí kì í lọ sókè sódò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe oríta ló ṣe pulọ́ọ̀gì yìí. Inú páálí kan náà ni wọ́n kó o sí. Ìwé ìlò rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á lónìí lẹ sọ pulọ́ọ̀gì nù, tí ẹ sì ń sọ fún ẹni tó rà á pé bó ṣe rí náà nìyẹn.

A ti gbọ́ gbogbo àwíjàre tán. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: "Bàbá mi lo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1955, kò sí nǹkan tó ṣe é." A gbà. Lọ́dún 1955, ẹrù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde ni. Gíríìsì inú rẹ̀ rọ̀, ibi tí irin ti ń kan irin mọ́ tónítóní, ojú irin náà sì lè máà ju òbìrípo kan tó ní oríta méjì lọ, lábẹ́ igi Kérésìmesì. Lónìí, gíríìsì yẹn ti le bí òdà, ìpẹtà ti wọ ibi tí iná ń gbà. Kọ́ìlì tó ń fi volt 10 yí ahọ́n nígbà náà lè nílò 14 báyìí. Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún, ṣé àjẹkù ọmọdé lẹ fẹ́ máa gbé fún un? A ò ní kí ẹ fi iná púpọ̀ bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ tú àpótí náà, ẹ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò, ẹ fọ ojú irin, kí ẹ tó sọ pé kò gba iná. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nù ún tán, ẹ fún un ní oúnjẹ tirẹ̀.

Ìkejì: "Àwa fẹ́ kó wà bó ṣe wà látilẹ̀. A kì í fọwọ́ kan ẹrù àtijọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn "bó ṣe wà látilẹ̀," pulọ́ọ̀gì yẹn wà látilẹ̀! Ẹni tó yọ ọ́ ló yí i padà. Kò sí ihò tuntun tí ẹ máa lu, kò sí wáyà inú tí ẹ máa gé. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ fa pulọ́ọ̀gì yọ, ó parí. Tí ohun àtilẹ̀wá bá jẹ yín lógún lóòótọ́, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣáájú wa wá pulọ́ọ̀gì yẹn.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo oríta Lionel ló ní ihò yìí. Irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1122, tó wà fún ojú irin O27 tó kéré díẹ̀, kò ní in. Kí ẹ tó lè fún un ní iná tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ já ibi tó ti ń mu nínú irin àárín, ìyẹn sì gba kí a tú u. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ pé 1122 kò ní ihò kì í ṣe ẹ̀rí pé 022 kò nílò tirẹ̀.

Ìkẹta: "ZW ni mo ní. Ó tó fún gbogbo nǹkan." Áà, ZW! Ọba àwọn tiransífọ́mà. Ọwọ́ ńlá méjì wà lára rẹ̀ fún ọkọ̀, A àti D. Kékeré méjì wà láàárín, B àti C. U sì ni ibi tí gbogbo wọn ń gbà padà. Wọ́n kọ 275 watt sára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi 275 yẹn yangàn bíi pé òun ló ń jáde. 275 yẹn ni ohun tó ń mu láti ara ògiri. Èyí tó ń fún ọkọ̀ àti oríta kéré sí i dáadáa, torí ooru ń jẹ nínú rẹ̀.

A ò bá ZW jà. Bí ojú irin yín bá kéré, ẹ lo B fún oríta nìkan, kí ẹ fi í sí volt kan kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyẹn náà ti ya iná ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná oríta, ẹjọ́ ti parí. Ohun tí a ń bá jà ni ìgbẹ́kẹ̀lé òmùgọ̀. Ohun tó ń gé iná nínú ZW nígbà tí wáyà bá bíríìjì, orí ọ̀nà U ló wà. Ó sì lọ́ra, torí ó dìgbà tó bá gbóná kó tó gé e. Bí ọkọ̀ bá wá ń ti ibi tí A ń bọ́ kọjá sí ibi tí D ń bọ́, tí volt wọn kò dọ́gba, rólà rẹ̀ á so A pọ̀ mọ́ D. Iná á máa yí po nínú tiransífọ́mà láìgba U kọjá rárá. Ohun tó yẹ kó gé e kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ òórùn.

Ìkẹrin, èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa: "Ẹ da èyí nù, ẹ lọ ra ti ìgbàlódé. Fóònù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀." Òótọ́ ni pé àwọn ọkọ̀ Lionel tuntun ń sáré lórí ojú irin tí volt rẹ̀ dúró sí bíi 18 nígbà gbogbo, tí àṣẹ sì ń wọ inú ẹ̀ńjìnnì lọ́nà mìíràn. Níbẹ̀, ebi kì í pa oríta. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbà pé volt tó ń lọ sókè sódò kò dára fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí sísáré. Ohun tí ihò kékeré yẹn ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn! Síbẹ̀, bí ẹyọ ọkọ̀ kan bá ṣubú lórí ojú irin yẹn tó sì bíríìjì, gbogbo ohun tó ń mu nínú rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, oríta pẹ̀lú rẹ̀. Iná ọ̀tọ̀ ṣì lọ́lá.

Ó dáa, báwo la ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é?

Ẹ wá tiransífọ́mà kékeré kan tí àwọn ènìyàn ti kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn páálí Lionel ló ní irú rẹ̀. 1033, tó jẹ́ 90 watt, pọ̀ gan-an. Àwọn ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ torí kò lè fa ẹ̀ńjìnnì ńlá méjì. Bẹ́ẹ̀, fún oríta, ó tó, ó ṣẹ́kù. Ó ní ojú ibi tí volt ti ń jáde láìyí padà. Ẹ wá èyí tó ń fúnni ní nǹkan bíi 14 sí 16. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ fúnra yín o, torí lẹ́tà A, B, C àti U kò túmọ̀ sí ohun kan náà lára gbogbo tiransífọ́mà. Ohun tó jẹ́ ọ̀nà ìpadà lára ZW lè máà jẹ́ ọ̀nà ìpadà lára òmíràn. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n.

Kí ẹ tó kì í bọ ògiri, ẹ wo wáyà rẹ̀. Rọ́bà àtijọ́ máa ń le, á sì máa bó bí èèpo ẹ̀pà. Bó bá ti sán níbikíbi, ẹ má dán an wò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, volt 120 ni, kì í ṣe ti ìṣeré.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ọ̀nà ìpadà tiransífọ́mà oríta pọ̀ mọ́ ọ̀nà ìpadà ti ọkọ̀. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń parí ọ̀nà fún kọ́ìlì, irin ẹ̀gbẹ́ sì ni iná rẹ̀ ń gbà padà. Bí ọ̀nà ìpadà méjèèjì kò bá pàdé, oríta kò ní yí fún ọkọ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó so wọ́n pa, ẹ rí i dájú pé ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Iná ilé ní Amẹ́ríkà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiransífọ́mà méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ gbé ẹsẹ̀ kan náà bí oníjó méjì. Ẹ so ọ̀nà ìpadà wọn pọ̀, ẹ fi méjèèjì sí volt kan náà, kí ẹ wá fi mítà kan ojú iná ti àkọ́kọ́ àti ojú iná ti èkejì. Bí mítà bá fi nǹkan tó súnmọ́ òdo hàn, ó dáa. Bó bá fi nǹkan tó tó ìlọ́po méjì hàn, wọ́n ń jó lódì sí ara wọn. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì ọ̀kan nínú ògiri, ẹ yí i padà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ti bọ́ sí i, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí pulọ́ọ̀gì náà kí ẹlòmíì má baà yí i.

Èyí tó kàn ni kí ẹ fọkàn sí jù, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Tiransífọ́mà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ó ń sọ 120 di 16. Bí ẹ bá ti ẹ̀yìn fún un ní 16, á sọ ọ́ di nǹkan tó súnmọ́ 120 níwájú. Ká ní ojú iná tiransífọ́mà méjì wá pàdé, yálà wáyà ló ṣìnà, tàbí rólà ọkọ̀ ló gun ibi tí wọ́n ti pààlà, tí ẹ sì yọ pulọ́ọ̀gì ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì wà lára ògiri. Eyín pulọ́ọ̀gì tí ẹ jù sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ti níná. Ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ ki gbogbo tiransífọ́mà yín bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì alápapọ̀ kan tó ní suwíìṣì. Bó bá máa kú, kí gbogbo rẹ̀ jọ kú. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí.

Ẹ fi fíùsì tàbí ohun tó ń tètè gé iná sí ojú iná kọ̀ọ̀kan. Fún ojú ọkọ̀ lára ZW, kó má ju 10 amp lọ. Fún wáyà tín-ín-rín tó ń lọ sí oríta, kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wáyà tín-ín-rín á ti yọ́ kí fíùsì ńlá tó mọ̀. Kí ẹ sì wo àwọn píìnì tí kì í gbé iná tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ 022 tí wọ́n ń tà lónìí ló ti sọ wọ́n nù. Láìsí wọn, kọ́ìlì á rò pé ọkọ̀ wà lórí ẹ̀ka títí ayé, á máa kùn, á máa gbóná. Bí ẹ bá gbọ́ tí oríta ń kùn tí kò dákẹ́, ẹ pa iná ná kí ẹ tó bi í léèrè.

Ti àwọn nǹkan tó yí ojú irin ká wá ńkọ́? Oríta fẹ́ volt kan tí kì í yí padà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, oníkálukú ló ní bó ṣe fẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń kó wàrà, 3462, tó jáde lọ́dún 1947. Ọkùnrin kékeré kan máa ń ti inú rẹ̀ yọ, á ti agolo wàrà sórí pèpéle. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ irin àárín ló ti ń mu iná, bí ẹ bá ti pa iná kí ọkọ̀ dúró, ọkùnrin yẹn náà ti kú. Bí ẹ bá fi iná díẹ̀ sílẹ̀, á rọ bí ẹni tí ibà mú. Ẹ fún un ní iná tirẹ̀, ẹ wá wo bó ṣe ń ju agolo.

Àwọn màlúù tó jáde lọ́dún 1949, 3656, tún yàtọ̀. Rọ́bà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, gbígbọ̀n ni pèpéle wọn ń gbọ̀n kí wọ́n lè máa rìn. Iná tó pọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa jó, wọ́n á ṣubú lura. Iná tó kéré díẹ̀, wọ́n á dúró bí màlúù tó dí ojú títì. Ojú iná tí ẹ lè yí díẹ̀díẹ̀ ni irú èyí ń fẹ́. Ti ọkùnrin tó ń ti inú ilé kékeré jáde pẹ̀lú fìtílà, 145, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950, òun náà ní kọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ó dáa. Bí ẹ bá wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ohun tó ń pè é jáde tí ẹ lọ jẹun, kọ́ìlì rẹ̀ á gbóná títí ẹ ó fi dé. Torí náà, iná mẹ́ta ni ìlú tó létò nílò: ti ọkọ̀, ti oríta, ti ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi irú ẹrù yìí ránṣẹ́ sílé fún àbúrò tàbí ọmọ. 120 volt ni wọ́n kọ sára tiransífọ́mà tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà tó jẹ́ 230 tàbí 240, ó parí. Kódà tí wọ́n bá lo èyí tó ń sọ 240 di 110, iná Nàìjíríà ṣì ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50, kì í ṣe 60, tiransífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 á sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n má dì í lẹ́rù dé góńgó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi sínú páálí, kí ẹni tó bá ṣí i kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ ta pulọ́ọ̀gì mọ́ oríta. Bí kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Bí píìnì bá ti sọnù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ yé fi ọkọ̀ tó ń sáré yípo lẹ́ẹ̀kan ní volt 16 ṣe ẹ̀rí pé oríta dáa. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 8 níwájú ẹni tó fẹ́ rà á, ká jọ rí i.

Ẹ̀yin àgbà wa, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ pa ẹrù wọ̀nyí mọ́ títí a fi bá a. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ má fi "bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn" dá ọmọdé tó béèrè ìbéèrè lóhùn mọ́. Ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣubú nígbà mẹ́ta lórí oríta kan náà kò ní pe ara rẹ̀ ní aláìmọ̀kan. Á ní eré náà ni kò dáa, á sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Báyìí la ṣe ń pàdánù wọn, kì í ṣe torí pé wọn ò ní sùúrù.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní oríta nínú páálí nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e jáde lálẹ́ òní. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Ẹ wá ihò yẹn.